Ìsàmì ọmọ ọwọ́ ní ìjọ Àgùdà: ohun tó túmọ̀ sí àti bẹ́ ẹ ṣe máa múra ẹ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ewu ọmọ o, Olúwa á bá wa dá a sí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, ìkómọ ti parí, wọ́n ti fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, gbogbo ẹbí ti ju owó sínú abọ́ omi wọ́n sì ti sọ ọmọ ní orúkọ tiwọn, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ní tíì mọ́ tán tí màmá àgbà á ti máa bèèrè pé "ìgbà wo lẹ ń gbé e lọ fún ìsàmì?" Èsì tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fún wọn ni pé ẹ jẹ́ kọ́wọ́ ó dẹ̀ díẹ̀ ná. Èsì tí èmi náà fún ìyá ọkọ mi nìyẹn nígbà tí mo bí àkọ́bí mi. Oṣù mẹ́wàá la fi dúró, torí aṣọ ẹbí, torí kánópì, torí owó aláásè, ọmọ ti ń gbìyànjú àtirìn kí wọ́n tó da omi sí i lórí. Ìgbà tí mo bí ìkejì tí nǹkan ò rí bá a ṣe rò (màá dé ibẹ̀) ni mo tó mọ̀ pé mi ò mọ ohun tí mo ń sún síwájú nígbà yẹn rárá.

Torí náà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni mo kọ èyí fún, tàbí ẹni tó lóyún sínú, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà tàbí tó fẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, tó fẹ́ mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní bẹ̀rẹ̀ látorí fọ́ọ̀mù ṣá o. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tí omi yẹn ń ṣe, ẹ ò ní mọ ìdí tí wọ́n fi ń bèèrè gbogbo nǹkan tí wọ́n ń bèèrè ní ọ́fíìsì páríìṣì (ìyẹn ìjọ àdúgbò yín), inú á kàn máa bí yín sí kátíkísì, ìyẹn olùkọ́ ìgbàgbọ́ níbẹ̀.

Kí ni omi yẹn ń ṣe gan-an?

Ìsàmì la máa ń pè é nílé, àwọn míì á ní ìrìbọmi, àwọn míì á ní bàtísí, ohun kan náà ni, àmọ́ èmi fẹ́ràn ìsàmì torí ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Àmì ni wọ́n ń fi sára ọmọ, àmì tí ojú ò lè rí tí kò sì ṣeé pa rẹ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í ṣe é lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bá a ṣe ń ṣe ọmọ nílé wa. Ẹ kì í dúró kí ọmọ gbọ́n kẹ́ ẹ tó máa kì í. Màmá àgbà á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, á tẹ́ ọmọ sí i, á máa wẹ̀ ẹ́, á máa pè é ní Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́, á máa ka àwọn bàbá ńlá ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa sọ pé màmá ń fẹnu ṣòfò. Ìdílé tó ni ín ni wọ́n ń fi hàn án. Kò yan ìdílé yẹn, kò ṣiṣẹ́ fún un, wọ́n kàn bí i síbẹ̀ ni. Bí Ìjọ ṣe rí ìsàmì nìyẹn, ìbí kejì ni. Jésù sọ fún Nikodémù nínú Jòhánù 3 ẹsẹ 5 pé ẹni tí a ò bá fi omi àti Ẹ̀mí bí ò lè wọ ìjọba Ọlọ́run. Omi yẹn àti ọ̀rọ̀ tí Fáda ń sọ bó ṣe ń dà á ló ń sọ ọmọ di ọmọ Ọlọ́run, tó ń sọ ọ́ di ẹ̀yà ara Kristi, tó ń sọ ọ́ di ilé tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń gbé. Òun náà ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà dé ìdí gbogbo sákáráméǹtì yòókù, ìyẹn àwọn àmì mímọ́ tí Ọlọ́run ń gbà fún wa ní oore-ọ̀fẹ́, ẹni tí kò bá tíì gba ìsàmì ò lè gba Ara Olúwa (Kómúníọ̀nù), bíṣọ́ọ̀bù ò sì lè fi òróró fẹsẹ̀ ìgbàgbọ́ ẹ̀ múlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń di àríyànjiyàn ni ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí. Wọ́n á ní ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ dá? Kò dá ìkankan, Ìjọ ò sì sọ pé ó dá. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ ìdílé ṣe é. Tí bàbá ńlá kan bá ti ta gbogbo ilẹ̀ ìdílé tán, ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ẹ̀ ò jẹ̀bi títà náà, kò sí níbẹ̀, kò fọwọ́ síwèé, àmọ́ inú àìnílẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Oore-ọ̀fẹ́ tí Ọlọ́run fi dá Ádámù ni Ádámù sọ nù mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́, inú àìní yẹn la bí wa sí, ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀ àbínibí nìyẹn. Kristi ti ra ilẹ̀ yẹn padà. Ìsàmì ni wọ́n fi ń kó ìwé ilẹ̀ lé ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì ní ìwé ilẹ̀ ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́, kí ló fẹ́ fi í pa mọ́ sínú àpótí fún ọdún kan torí pé kò tíì rówó ra màlúù?

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ní ìjọ míì á ní ẹ ò ṣe jẹ́ kó dàgbà kó fúnra ẹ̀ yàn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo mọ̀ pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ Jésù. Àmọ́ ohun tó dáa jù tá a ní, a kì í jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ bèèrè ẹ̀. A ò bi í kó tó mu ọmú, a ò bi í kí wọ́n tó gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, èdè Yorùbá tó ń sọ náà a ò bi í. Tó bá dàgbà á yàn, kò sẹ́ni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀, ó kàn jẹ́ pé inú ilé ló ti máa yàn, kò ní jẹ́ látìta. Bíbélì náà sì wà ńlẹ̀: ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì Pétérù sọ pé ìlérí náà wà fún yín àti fún àwọn ọmọ yín, Lìdíà àti agbo ilé ẹ̀ ṣe ìrìbọmi, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n ní Fílípì náà ṣe é lóru yẹn, òun àti gbogbo ará ilé ẹ̀, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 16 lẹ máa ti rí méjèèjì.

Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìtàn kan tó jẹ́ pé ilẹ̀ Áfíríkà tiwa yìí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 253, bíṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Fidus kọ̀wé sí Cyprian tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù Kátéèjì, ìyẹn apá ibi tí wọ́n ń pè ní Tùnísíà lónìí. Fidus ò sọ pé kí wọ́n má ṣe ìsàmì fún ọmọ ọwọ́ o, ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n dúró di ọjọ́ kẹjọ bíi ti ìdábẹ́ nínú òfin Mósè, ó tún ní ẹsẹ̀ ọmọ tuntun ò tíì mọ́, pé ara èèyàn kì í gbà á láti fẹnu kò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ọjọ́ kẹjọ ọmọ, ẹ máa mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì sí wa. Cyprian gbé e síwájú ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn 66 ló jókòó, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó gbà fún Fidus. Wọ́n ní kò tọ́ kí wọ́n fi àánú Ọlọ́run du ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bí sáyé, pé tẹ́ ẹ bá ń fẹnu ko ọmọ tuntun lẹ́nu, kẹ́ ẹ máa rántí ọwọ́ Ọlọ́run tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ọmọ ọlọ́jọ́ mélòó kan, èyí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìgbà wo, ibo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀?

Òfin Ìjọ sọ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n sọ, wọn ò sọ pé oṣù. Ó tún sọ pé kí òbí lọ rí Fáda páríìṣì wọn ní gbàrà tí wọ́n bá bímọ, kódà kí wọ́n lọ kí wọ́n tó bí i. Ìmọ̀ràn mi nìyí: tí oyún bá ti pé bí oṣù méje, ẹ lọ sí ọ́fíìsì páríìṣì lẹ́yìn Mísà, ẹ ní ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì òbí. Ẹ ṣe kíláàsì yẹn nígbà tí ẹ ṣì lè sùn lóru. Ọ̀pọ̀ páríìṣì ló ní ọjọ́ kan lóṣù tí wọ́n ń ṣe ìsàmì, ẹ bèèrè ọjọ́ náà kẹ́ ẹ tó lọ san owó gbọ̀ngán kankan.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń bèèrè ni ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ, ìwé ìgbéyàwó òbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, káàdì ìrìbọmi ti bàbá àti ti ìyá, àti lẹ́tà láti páríìṣì ẹni tẹ́ ẹ mú ní bàbá tàbí ìyá ìsàmì (ẹni tó máa dúró fún ọmọ) tó bá jẹ́ pé páríìṣì ibòmíì ló ti ń lọ sí Mísà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Houston tẹ́ ẹ fẹ́ gbé ọmọ wálé kí màmá lè fojú rí i, páríìṣì òbí ló yẹ kó ti wáyé, àmọ́ tí ìdí gidi bá wà wọ́n lè yọ̀ǹda, ẹ kàn lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ Fáda ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Lórí owó, ọrẹ ni, kì í ṣe iye tí wọ́n ń ta omi. Òfin Ìjọ sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi sákáráméǹtì du ẹnikẹ́ni torí pé kò ní lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ ò bá ní, ẹ sọ fún Fáda ní ìkọ̀kọ̀, ẹ má fi ìtìjú sún un síwájú.

Tẹ́ ẹ ò bá tíì ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, tàbí tó bá jẹ́ ìyá nìkan ló ń tọ́ ọmọ? Èyí dùn mí gan-an torí mo mọ ọmọbìnrin kan tí wọ́n lé padà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan pé kó lọ wá bàbá ọmọ ẹ̀ wá kó tó gbẹ́nu sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́ta ni kò fi yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì ni òfin bèèrè, kí òbí fọwọ́ sí i, ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn, kí ìrètí tó dájú sì wà pé wọ́n máa tọ́ ọmọ náà dàgbà nínú ìgbàgbọ́. Tí ìrètí yẹn ò bá sí rárá, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ dúró ná, wọ́n á sì sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Ní January 2014, Póòpù Francis fúnra ẹ̀ ṣe ìsàmì fún àwọn ọmọ ọwọ́ 32 ní ṣápẹ́ẹ̀lì Sistine ní Róòmù, ọmọ àwọn tọkọtaya kan wà níbẹ̀ tí wọn ò ṣègbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Torí náà ẹ lọ rí Fáda fúnra ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà pinnu fún yín.

Tí bàbá ọmọ bá jẹ́ Mùsùlùmí, tó wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa, ẹ jókòó bá ara yín sọ̀rọ̀ kí ọmọ tó dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ṣègbéyàwó ní ìjọ Àgùdà pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ti ṣèlérí pé ẹ máa sa gbogbo ipá yín kí ọmọ lè gba ìsàmì, wọ́n sì ti sọ ìlérí yẹn sí ẹnì kejì yín létí. Ẹ rán an létí pẹ̀lú ìfẹ́, kì í ṣe lójú gbogbo ẹbí níbi ìkómọ. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín lé lórí ni pé kí màmá àgbà kankan má gbé ọmọ ọlọ́mọ wọ balùwẹ̀ lọ da omi sí i lórí lẹ́yìn àwọn òbí ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àmọ́ tí kì í bá ṣe pé ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu, kò bófin Ìjọ mu.

Ti orúkọ, ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láìnídìí. Kò sí òfin pé orúkọ òyìnbó ni dandan. Ohun tí òfin sọ ni pé kí orúkọ náà má ta ko ẹ̀mí ìgbàgbọ́ Kristẹni. Olúwátóbi, Ìfẹ́olúwa, Tèmilolúwa, wọ́n bá a mu dáadáa. Ó dáa kẹ́ ẹ fi orúkọ ẹni mímọ́ kan kún un kí ọmọ lè ní ẹni táá máa bá a bẹ Ọlọ́run, àwa náà fi kún un, àmọ́ Àyọ̀mídé ni Fáda pè nígbà tó ń da omi.

Bàbá ìsàmì àti ìyá ìsàmì

Ibí yìí la ti ń ṣìnà jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sí i. A máa ń wá ẹni tó lówó, ọ̀gá ibi iṣẹ́, ẹni tó máa gbé àpò ìwé olówó wá. Ẹ rántí pé ọmọ ò lè sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ló máa fẹnu ẹ̀ kọ Èṣù sílẹ̀, ẹlòmíì ló máa sọ pé "mo gbà gbọ́" nítorí ẹ̀. Ẹni tí kì í lọ sí Mísà fúnra ẹ̀, ìgbàgbọ́ wo ló fẹ́ dúró fún? Fáda máa bi í lójú gbogbo èèyàn bóyá ó ṣe tán láti ran òbí lọ́wọ́ nínú títọ́ ọmọ yìí, á sì dáhùn pé òun ṣe tán, níwájú Ọlọ́run.

Òfin ní ọkùnrin kan tó, tàbí obìnrin kan, tàbí ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Kò sí àyè fún bàbá ìsàmì mẹ́fà. Ẹni náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 16, kó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà tó ti gba Ara Olúwa tí bíṣọ́ọ̀bù sì ti fi òróró fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀, kó máa gbé ìgbé ayé tó bá ìgbàgbọ́ mu, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ bàbá tàbí ìyá tó bí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n yín tó jẹ́ ọmọ ìjọ Sẹ́ńtù Pọ́ọ̀lù ti Áńgílíkà, tó ti ṣe ìrìbọmi níbẹ̀, lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ìsàmì tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, kó má ṣá dá dúró.

Nígbà ti àkọ́bí wa, ẹni tó lówó la mú, ìgbà tó ti kúrò níbi àríyá a ò rí i mọ́. Fún ìkejì a mú sísítà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kátíkísìm, kò ní nǹkan kan tó máa fún wa, àràárọ̀ ló ń pe orúkọ ọmọ yẹn nínú àdúrà. Ẹ wá irú ẹni yẹn. Ẹ bi ara yín pé tí àwa òbí bá kú lọ́la, ta ló máa mú ọmọ yìí dání lọ sí Mísà lọ́jọ́ Sunday? Orúkọ tó bá kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, òun ni.

Ọjọ́ náà

Ọjọ́ Sunday ló dáa jù torí ọjọ́ tí Jésù jíǹde ni, tàbí alẹ́ Ajínde fúnra ẹ̀. Ẹ tètè dé, ẹ fún ọmọ lọ́mú kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ sì gbé aṣọ tí ó ṣeé ṣí láyà àti ọrùn wọ̀ ọ́ torí wọ́n máa fi òróró pa á láyà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni nǹkan ti máa bẹ̀rẹ̀. Fáda á bi yín pé orúkọ wo lẹ sọ ọmọ yìí, á bi yín pé kí lẹ ń bèèrè lọ́wọ́ Ìjọ Ọlọ́run fún un. Ẹ dáhùn sókè, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìbéèrè gidi ni. Òun, ẹ̀yin, bàbá àti ìyá ìsàmì, gbogbo yín lẹ máa fi àmì àgbélébùú sí ọmọ níwájú orí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ìpè àwọn ẹni mímọ́, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí pé kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ ibi, wọ́n á sì fi òróró àkọ́kọ́ pa á láyà. Fáda á súre sí omi. Nígbà náà ló máa kọjú sí yín: ṣé ẹ kọ Èṣù? Ṣé ẹ gba Ọlọ́run Bàbá gbọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú ìwé kíláàsì yín, ẹ kà á dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú kó má bàa jẹ́ pé ẹnu lásán lẹ fi ń dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni omi, ẹ̀ẹ̀mẹta lórí, tàbí kó ri ọmọ bọ inú omi lẹ́ẹ̀mẹta, méjèèjì ló tọ́. Tí ọmọ bá ké kó máa ké, kò sóhun tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn omi ni òróró kejì, èyí tó ń ta sánsán, tí bíṣọ́ọ̀bù yà sí mímọ́ ní Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Àtàrí ọmọ ni wọ́n máa fi pa, torí Kristi tí wọ́n fòróró yàn ní àlùfáà, wòlíì àti ọba ni ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀yà ara ẹ̀. Ní ilẹ̀ tí ọba ti ń jẹ, ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan orí èèyàn kí wọ́n sì sọ pé ọba ni. Ẹ má yára nu òróró yẹn kúrò. Aṣọ funfun tẹ̀ lé e, kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra olówó gọbọi, gèlè funfun tí màmá mi wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún gbọọrọ la gé rán fún tiwa. Àbẹ́là ló kẹ́yìn, ara àbẹ́là ńlá ti Ajínde ni wọ́n ti máa ń tàn án, bàbá ọmọ tàbí bàbá ìsàmì ló máa mú un dání. Wọ́n á súre fún ìyá, wọ́n á súre fún bàbá, ó parí. Àríyá ṣeé ṣe, ìrẹsì àti adìẹ tó, àríyá kọ́ ni ìsàmì.

Tó bá di pé ẹ̀mí ọmọ wà nínú ewu

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ibí yìí kódà tẹ́ ẹ bá fo gbogbo ìyókù. Oṣù méje ni mo bí ìkejì. Wọ́n gbé e sínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé ọmọ tí oṣù ẹ̀ ò pé sí, ó kéré débi pé òrùka ìgbéyàwó mi lè wọ apá ẹ̀. Aago méjì òru, dókítà sọ fún ọkọ mi pé kó máa gbàdúrà. Kò sí Fáda nítòsí. Nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru yẹn bi wá pé ṣé ọmọ ìjọ Àgùdà ni yín, ó ní òun lè ṣe ìsàmì fún un báyìí. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe. Ó fa omi sínú sìríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́, ó jẹ́ kó ṣàn díẹ̀díẹ̀ níwájú orí ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Mo dúró pẹ̀lú ìrora iṣẹ́ abẹ, mo ń sunkún, mo sì mọ̀ pé ohunkóhun tó bá ṣẹlẹ̀, ọmọ mi ti ní ilé.

Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é tí ewu ikú bá wà, ọkùnrin, obìnrin, ẹni tí kì í ṣe Kristẹni pàápàá, tó bá ṣáà ti ní in lọ́kàn láti ṣe ohun tí Ìjọ ń ṣe. Omi gidi ni, omi ẹ̀rọ, omi kànga, omi inú ọ̀rá, kó sì ṣàn kan awọ orí ọmọ, má kàn fi ọwọ́ tútù pa á lórí. Bó ṣe ń dà á lẹ́ẹ̀mẹta ni kó máa sọ pé: "(orúkọ ọmọ), mo ṣe ìrìbọmi fún ọ ní orúkọ Bàbá, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Ẹni tó ń da omi náà ni kó sọ ọ̀rọ̀ náà. "Mo" ni kó sọ, kó má sọ pé "a". Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ o, ní August 2020 Vatican sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi "a ṣe ìrìbọmi fún ọ" ṣe é fún ò tíì gba ìrìbọmi, Fáda kan ní Detroit ní Amẹ́ríkà wo fídíò ìsàmì tiẹ̀ nígbà ọmọdé ó rí i pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun nìyẹn, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ látorí omi, kí wọ́n tó tún fi jẹ Fáda.

Tí ọmọ bá yè, ẹ sọ fún Fáda, ẹ sọ ọjọ́, ẹni tó ṣe é àti ẹni tó wà níbẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà. Wọn ò ní da omi mọ́, wọ́n á kàn ṣe ìyókù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òróró, aṣọ funfun, àbẹ́là. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà la ṣe tiwa. Kì í sì í ṣe nǹkan tuntun láàárín wa pé ẹni tí kì í ṣe Fáda ṣe ìsàmì. Ní Èkó, kí Fáda tó wà níbẹ̀ rárá, àwọn Àgùdà tó ti oko ẹrú Bràsíìlì dé ní ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, kì í ṣe Fáda, òun ló ń kó wọn jọ gbàdúrà tó sì ń ṣe ìsàmì fún àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí Fáda Borghero tó jẹ́ míṣọ́nnárì dé Èkó ní 1863, àwọn èèyàn tó ti ń gbàdúrà ló bá níbẹ̀.

Fún ìyá tí ọmọ ẹ̀ lọ kí omi tó kàn án: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iná ọ̀run dẹ́rù bà yín. Ìjọ kọ́ wa pé Ọlọ́run so ìgbàlà mọ́ ìsàmì, àmọ́ Ọlọ́run fúnra ẹ̀ kò so ara ẹ̀ mọ́lẹ̀, Jésù tó sọ pé ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé wá sọ́dọ̀ mi ló gbé ọmọ yín dání. Àdúrà ìsìnkú wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìjọ Àgùdà. Ẹ bèèrè fún un, bíṣọ́ọ̀bù lè yọ̀ǹda ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ẹ ti ní in lọ́kàn láti ṣe ìsàmì fún ọmọ náà.

Lẹ́yìn náà

Ẹ gba káàdì ìrìbọmi kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ ka orúkọ, ọjọ́ ìbí àti orúkọ òbí tó wà lórí ẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, torí tí àṣìṣe bá wà nínú rẹ́jísítà, ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ ṣègbéyàwó lẹ máa tó mọ̀. Rẹ́jísítà yẹn ni ìwé ìgbésí ayé ẹ̀ nínú Ìjọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n máa kọ ìfẹsẹ̀múlẹ̀ àti ìgbéyàwó ẹ̀ sí. Ẹ ya fọ́tò káàdì náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí bàbá àti ìyá ìsàmì lórí WhatsApp, ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbàgbé ọjọ́ náà.

Kẹ́ ẹ̀yin náà má gbàgbé ẹ̀. Ẹ kọ́ ọmọ ní àmì àgbélébùú ní gbàrà tó bá ti lè gbé ọwọ́ dé iwájú orí, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ àdúrà Mo Kí Ọ Màríà kó tó sùn. Ẹ tọ́jú àbẹ́là yẹn. Tiwa wà nínú àpótí pẹ̀lú aṣọ funfun, ọdọọdún tí ọjọ́ ìsàmì bá pé, a máa tàn án lórí tábìlì, a máa ka Baba Wa, ọmọ oṣù méje yẹn ló ń fẹ́ ẹ pa báyìí torí pé ọdún yìí ló máa gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Àbẹ́là náà ti kù bí ìka ọwọ́ kan.